Orí Keje: Iṣan Ọpọlọ Tó Rọ àti Ojú Tó Kọ̀ Láti Yí

Ojú méjèèjì ènìyàn kì í dá rìn. Bí ọ̀kan bá yí sí ọ̀tún, èkejì gbọ́dọ̀ bá a yí lẹ́sẹ̀kan náà àti ní ìwọ̀n kan náà, kí àwòrán tí ọ̀kan rí lè bọ́ sórí àwòrán tí èkejì rí gẹ́lẹ́, kí ọpọlọ sì kà wọ́n sí ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹran mẹ́fà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló so mọ́ ẹyinjú kọ̀ọ̀kan láti ṣe iṣẹ́ yìí, iṣan mẹ́ta péré tó ti inú ọpọlọ wá ló sì ń pàṣẹ fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí ọ̀kan nínú iṣan mẹ́ta náà bá rọ, yálà ó kú pátápátá ni tàbí agbára rẹ̀ kàn dín kù, ojú tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ yóò dúró síbi tí kò yẹ, aláìsàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun kan ṣoṣo ní méjì. Ohun tó ń fa ìrọ yìí, àti ọ̀nà tí oníṣègùn ń gbà dá a mọ̀, ni ọ̀rọ̀ orí yìí, pẹ̀lú àfiyèsí pàtàkì sí ìlú Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti fìdí kalẹ̀, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì pọ̀ débi pé ènìyàn lè gbàgbé pé ojú aláìsàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kí oníṣègùn kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ yé òǹkàwé kí àlàyé tó lọ síwájú. Lẹ́nu Yorùbá, "iṣan" lè jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ó lè jẹ́ ohun tó ń le nígbà tí ènìyàn bá gbé ẹrù, ó sì tún lè jẹ́ okùn funfun tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ara. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tó bá sì pò wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣìnà. Nítorí náà, okùn tó ń gbé àṣẹ nìkan ni orí yìí ń pè ní iṣan. Ohun tó ń fa ẹyinjú síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ẹran ojú. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ni òpó ẹ̀jẹ̀. Iṣan méjìlá-méjìlá ló ti ọpọlọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà sì ni wọ́n fi ń pè wọ́n láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ìkẹta, ìkẹrin àti ìkẹfà ló ń darí ìyípo ojú.

Iṣan kẹta ni ọ̀gá wọn. Ó ń pàṣẹ fún ẹran mẹ́rin nínú mẹ́fà, ó ń gbé ìpéǹpéjú òkè sókè, ó sì tún ń gbé okùn tín-ín-rín tó ń mú kí ọmọlójú, ihò dúdú àárín ojú, sún kì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i. Bí ó bá rọ tán, àmì rẹ̀ kì í fara sin: ìpéǹpéjú yóò wálẹ̀ bo ojú bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ já, bí oníṣègùn bá sì fi ìka gbé e sókè, yóò rí ẹyinjú tó ti wọ́ lọ sí ìta àti sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹran méjì tí iṣan yìí kò darí ni ó kù láti máa fà á. Iṣan kẹrin ń darí ẹran kan ṣoṣo, èyí tó gba inú òrùka kékeré kan ní igun òkè ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú kọjá, gẹ́gẹ́ bí okùn kànga ṣe ń gba orí kẹ̀kẹ́ kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì fún kẹ̀kẹ́ kànga náà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn, trochlear, ti wá. Iṣan kẹfà náà ń darí ẹyọ kan, ẹran tó ń fa ojú sí ọ̀dọ̀ etí.

Ọ̀nà tí iṣan kọ̀ọ̀kan ń tọ̀ láti inú ọpọlọ dé ẹ̀yìn ojú ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ, nítorí pé ibi tó bá ti fara gbún nǹkan lójú ọ̀nà ni àìsàn ti ń bá a. Iṣan kẹta ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta òpó ẹ̀jẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, oríta tí ògiri òpó náà sábà máa ń tinrin. Iṣan kẹrin nìkan ló ń jáde láti ẹ̀yìn ìdí ọpọlọ, tó tún rékọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú méjìlá, ìrìn rẹ̀ nínú agbárí sì jìnnà tó nǹkan bíi mìlímítà 75, èyí ló fi jẹ́ pé ìkọlù orí tí kò ṣe àwọn yòókù ní nǹkan kan lè pa á lára. Iṣan kẹfà ń gun egungun ìdí agbárí lọ sókè, ó wá ṣẹ́rí lójijì kọjá góńgó egungun etí. Lẹ́yìn èyí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nínú àpò ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́yìn ojú, àpò tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n sì jọ wọ inú ihò ojú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rọ pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, inú àpò náà tàbí ẹnu ihò ojú ni wàhálà wà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà oníṣègùn fi máa ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe tẹ eéwo tó bá yọ láàárín imú àti ètè òkè, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ agbègbè yẹn lè ṣàn padà sínú àpò yìí gan-an, kí ó sì gbé kòkòrò àrùn lọ síbẹ̀.

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ìrọ iṣan kẹta ń mú wá, ọ̀kan ló ga jù: ṣé ọmọlójú wà nínú ọ̀rọ̀ náà tàbí kò sí? Láti mọ ìdí rẹ̀, kí òǹkàwé fojú inú wo ìrèké tí wọ́n gé ní ìdábùú. Àwọn okùn tó ń darí ọmọlójú wà ní èèpo òde iṣan náà, àwọn tó ń darí ẹran ojú sì wà nínú, níbi tí omi dídùn wà. Ohunkóhun tó bá ti ìta wá tẹ iṣan náà, èèpo ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ bà; ọmọlójú yóò fẹ̀, kò sì ní sún kì mọ́ bí wọ́n bá tan iná sí i. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta ni kókó tó ń yọ lára òpó ẹ̀jẹ̀ ní oríta tí a dárúkọ lókè yìí, èyí tí ìwé ìṣègùn ń pè ní aneurysm: ògiri òpó náà ti rẹ̀, ó sì wú jáde bí ibi tó tinrin lára táyà kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ gúlú. Bí kókó yìí bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò tú sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì ṣẹlẹ̀ sí ni kì í yè é. Ní òdìkejì, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ àárín iṣan náà; inú ni ebi ti ń pa á, èèpo ṣì ń rí oúnjẹ jẹ láti ìta, nítorí náà ìpéǹpéjú lè bò pátápátá, ojú sì lè wọ́ sí ìta, síbẹ̀ kí ọmọlójú máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Irú èyí sábà máa ń san fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta.

Òfin ọmọlójú yìí dára, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí ìrọ náà bá pé pérépéré, tí ìpéǹpéjú bò tán, tí ẹran mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú tán, tí ọmọlójú sì wà bó ṣe wà, nìkan ni ó ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ìrọ náà bá jẹ́ àbọ̀, ọmọlójú tó ń ṣiṣẹ́ lónìí lè fẹ̀ ní ọ̀túnla, nítorí pé kókó náà ṣì ń dàgbà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora kì í ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: àtọ̀gbẹ lè mú kí ẹ̀yìn ojú dun ènìyàn gidigidi, kókó òpó ẹ̀jẹ̀ náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Dallas ti wọlé. Texas ni ìpínlẹ̀ tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, agbègbè Dallas sì wà lára ibi tí wọ́n ti pọ̀ níbẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn UT Southwestern, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943, ti dá iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan sílẹ̀ ní ọdún 2000 tí wọ́n ń pè ní Dallas Heart Study, èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò pé kí nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Lára ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni pé ògiri ọkàn tó nípọn ju bó ṣe yẹ, irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń fà, wọ́pọ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú ju láàárín aláwọ̀ funfun lọ. Òótọ́ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò kì í ṣe ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nọ́ńbà wọn lé ẹni tó ti Èkó dé ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn lórí láìrònú. Síbẹ̀, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti kọ́ àwọn oníṣègùn ìlú náà láti máa retí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lára aláwọ̀ dúdú, ewu sì wà nínú ìretí yìí. Bí màmá ẹni ọdún 58 tó ní àtọ̀gbẹ bá wọlé pẹ̀lú ìpéǹpéjú tó bò, ọwọ́ ti máa ń yá jù láti sọ pé ṣúgà ló fà á; ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ kì í dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ní kókó lára òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì máa ń bá àtọ̀gbẹ rìn tilẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí kókó náà yọ.

Ìdí mìíràn tún wà tí oníṣègùn lè fi gbàgbé kókó náà lára ọmọ Áfíríkà: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìwé ìṣègùn ń sọ pé kókó òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ará Áfíríkà. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó sì padà sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀, ní àsìkò tí ẹ̀rọ tó lè yàwòrán òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ kò wọ́pọ̀ rárá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibi tí kò ti sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí wọn kì í sì í sábà ṣí òkú wò kí wọ́n tó sin ín, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń ṣọ̀wọ́n nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó kan Yorùbá ní tààràtà. Láti mọ̀ bóyá aláìsàn ní àtọ̀gbẹ, àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní A1c, ni wọ́n máa ń ṣe jù ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú rẹ̀ láti mọ ìwọ̀n ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí genotype rẹ̀ jẹ́ AS, tí irú wọn sì pọ̀ láàárín Yorùbá, lè ní èsì tó kéré sí bí ṣúgà rẹ̀ ṣe ga tó ní tòótọ́. Nítorí náà, bí èsì náà bá dára nígbà tí àmì ara ń tọ́ka sí àtọ̀gbẹ, kí oníṣègùn tún yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ wò ní òwúrọ̀ kí aláìsàn tó fẹnu kan oúnjẹ.

Iṣan kẹfà ló ń rọ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú yóò wọ́ sí ọ̀dọ̀ imú, kò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ etí. Rírí méjì náà yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò burú sí i bí ènìyàn bá ń wo ọ̀ọ́kán. Ní ìlú tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò bíi Dallas, ojú pópó ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń kọ́kọ́ mọ̀: ilà funfun ọ̀nà LBJ di méjì, mọ́tò kan tó wà níwájú di ìbejì, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ àfi kí ó di ojú kan. Láàárín àgbàlagbà, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n iṣan yìí ní ìwà kan tí ó máa ń tan oníṣègùn jẹ: bí ìfúnpá omi inú agbárí bá ga, ibi yòówù kí ohun tó fà á wà, iṣan kẹfà lè nà ní ibi tó ti ṣẹ́rí lórí egungun, kí ó sì rọ, nígbà tí àìsàn gan-an jìnnà sí i pátápátá. Nítorí náà, ọmọdé tí ojú rẹ̀ wọ́ sí imú, tó sì ń bì ní òwúrọ̀, gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ MRI kíákíá, nítorí ìbẹ̀rù kókó tó ń hù nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti òpó ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó sanra, tí orí ń fọ́, tí etí rẹ̀ sì ń hó bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, lè ní ìfúnpá omi ọpọlọ tó ga láìsí kókó rárá. Bí wọ́n bá wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, wọ́n yóò rí ìdí iṣan ìríran tó wú. Àrùn etí tó wọ egungun, àti jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú, náà máa ń kan iṣan yìí.

Kòkòrò àrùn ní ìpín tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kéré. Ní ọdún 2012, ibà West Nile tí ẹ̀fọn ń gbé kiri jà ní Dallas gidigidi: ènìyàn 173 ni ó wọ inú ọpọlọ tàbí iṣan wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Dallas, 19 sì kú. Iṣan ojú kì í ṣe ibi tí ó fẹ́ràn jù, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sábà máa ń kàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa ibà àti ọrùn tó le gan-an kò gbọdọ̀ sí lára ohun tí oníṣègùn ń fojú fò dá.

Ní ti iṣan kẹrin, ìkọlù orí wà lára olórí ohun tó ń rọ̀ ọ́, yálà nínú ìjàǹbá mọ́tò tàbí ìṣubú lórí àkàbà. Èkejì sì ni àbùdá tí wọ́n bí mọ́ ènìyàn. Ojú tó kàn yóò ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ díẹ̀, rírí méjì náà yóò sì wà lórí ara wọn, pàápàá bí ènìyàn bá ń kàwé tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí ìgbésẹ̀ kan di méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti bọ́ nínú rẹ̀, aláìsàn yóò máa fi orí sí èjìká òdìkejì láìmọ̀. Bí oníṣègùn bá wá yí orí náà sí èjìká tí ojú àìsàn wà, ojú náà yóò tún ga sí i. Àyẹ̀wò yìí ni wọ́n fi orúkọ oníṣègùn ọmọ Jámánì kan, Alfred Bielschowsky, pè. Ohun tó ń mú kí àbùdá yàtọ̀ sí ìpalára tuntun kò sí nínú ẹ̀rọ kankan, àwòrán àtijọ́ ló wà. Oníṣègùn yóò ní kí aláìsàn ṣí fóònù rẹ̀, kí wọ́n jọ wo fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìgbà tó jáde ìwé, àti ti ọmọdé tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí orí bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú gbogbo wọn, láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí di ọjọ́ tó wọ aṣọ ẹbí, wọ́n bí i mọ́ ọn ni, ara rẹ̀ ló ti ń fi agbára bò ó láti ìgbà náà, agbára náà ló wá ń tán lọ báyìí.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò gba ohun èlò púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí aláìsàn di ojú kan. Bí rírí méjì náà bá lọ, ojú méjèèjì ni kò dọ́gba, ọ̀rọ̀ iṣan tàbí ti ẹran ni. Bí ó bá ṣì ń rí méjì pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo, inú ẹyinjú ni kí wọ́n wò, bóyá ojú ń fọ́ ọ ni. Lẹ́yìn èyí, oníṣègùn yóò jókòó kò ó lójú, yóò mú ìka kan rìn lọ sí ọ̀tún, sí òsì, sókè àti sísàlẹ̀ ní ìkángun méjèèjì, yóò sì máa bi í ibi tí àwòrán méjèèjì ti jìnnà síra jù. Ibẹ̀ ni ẹran tó rọ ti yẹ kó ṣiṣẹ́. Yóò fi iná kékeré wo ọmọlójú nínú òkùnkùn àti nínú ìmọ́lẹ̀, yóò wọn bí ìpéǹpéjú ṣe wálẹ̀ tó, yóò wo ẹ̀yìn ojú, yóò sì dán apá àti ẹsẹ̀ wò, nítorí pé ìrọ iṣan kẹta tó bá apá òdìkejì tó rọ wá, àrùn rọpárọsẹ̀ tó bá ìdí ọpọlọ jà ni.

Àwọn àìsàn kan wà tí wọ́n ń ṣe bí ìrọ iṣan tí wọn kì í sì í ṣe é. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni myasthenia gravis, nínú èyí tí ara ń bá ibi tí iṣan ti ń bá ẹran sọ̀rọ̀ jà. Ó lè fara wé ìrọ iṣan yòówù, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọmọlójú láéláé, ó sì máa ń burú sí i ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti rẹ ènìyàn. Wọ́n lè dán an wò láìná owó púpọ̀: kí wọ́n fi yìnyín tí wọ́n wé sínú aṣọ lé ìpéǹpéjú tó bò fún ìṣẹ́jú méjì, bí ó bá gbéra sókè dáadáa, òtútù ló ràn án lọ́wọ́, myasthenia sì ni ẹ̀sùn kàn. Àìsàn kókó ọrùn náà lè mú kí ẹran ojú nípọn, kí ó sì le, débi tí ojú kò ní lè yí. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 50, tí orí ń fọ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn nígbà tó bá ń jẹ ẹran, tí awọ orí sì ń dùn tí kò lè ya irun, òpó ẹ̀jẹ̀ orí tó wú ni kí wọ́n fura sí, kí wọ́n sì fún un ní oògùn steroid lọ́jọ́ náà, kí ìríran rẹ̀ má bàa lọ pátápátá kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó dé.

Nígbà tó bá kan ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n lò ṣe pàtàkì. Ní yàrá pàjáwìrì ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Dallas, CT lásán kì í pẹ́ rí, ó sì dára láti rí ẹ̀jẹ̀ tó tú. Ṣùgbọ́n kókó òpó ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì bẹ́ lè sá pamọ́ fún un, kí wọ́n sì sọ fún aláìsàn pé kò sí nǹkan kan. CT tí wọ́n fi oògùn sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe ni ó yẹ kí wọ́n béèrè fún lọ́jọ́ kan náà, fún ìrọ iṣan kẹta èyíkéyìí tí ọmọlójú bá ti wà nínú rẹ̀ tàbí tí ìrọ náà kò bá pé. Bí kókó bá wà, oníṣẹ́ abẹ lè fi irin kékeré fún un lọ́rùn, tàbí kí wọ́n gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ itan gun òkè lọ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú rẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n gbà pé ṣúgà ló fà á, wọ́n yóò fún un ní ohun ìbòjú tàbí gíláàsì tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀, wọ́n yóò kìlọ̀ fún un nípa ọkọ̀ wíwà, wọ́n yóò sì fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá.

Ọjọ́ ìpadàwá yìí kì í ṣe àṣà lásán. Iṣan tí ohun kan tẹ̀ tàbí tí ó já, nígbà tó bá ń hù padà, àwọn okùn rẹ̀ máa ń ṣi ọ̀nà: èyí tó yẹ kó fa ojú sí ọ̀dọ̀ imú lè lọ bá ìpéǹpéjú, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí aláìsàn bá wo ìsàlẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ imú, ìpéǹpéjú yóò fò sókè. Iṣan tí àtọ̀gbẹ rọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ebi ló pa á, kò já. Nítorí náà, bí màmá ẹni ọdún 58 náà bá padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí inú rẹ̀ ń dùn pé ojú òun ti là, tí oníṣègùn sì ní kí ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì gbéra sókè dípò kó sọ̀ kalẹ̀, ṣúgà kọ́ ló fà á láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.